Ẹ Bi Ìyá Ewé: Aṣọ Dúdú Náà Ń Fa Ìmọ́lẹ̀ Mu, Kí Ló Dé Tí Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Ewé?

Lẹ́tà tó dé lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ewé lóṣù yìí pọ̀ ju ti kòkòrò àti àrùn ewé lọ, ìyẹn sì dùn mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ kòkòrò ti sú mi díẹ̀. Mo ti gé lẹ́tà yín kúrú. Ẹ má bínú, àwọn mìíràn kọ ojú ewé mẹ́ta kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé wa sọ pé chlorophyll, èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù mu, ó sì ń dá èyí tó ní àwọ̀ ewé padà. Ṣé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kò wúlò fún ewé rárá nìyẹn? Olùkọ́ wa ní bẹ́ẹ̀ ni. — Akẹ́kọ̀ọ́ girama

Ọmọ mi, mi ò ní bá olùkọ́ rẹ jà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tèmi ni pé ó wúlò, ó sì wúlò gan-an. Àwòrán tó wà nínú ìwé rẹ yẹn, èyí tó ga sókè lápá búlúù àti lápá pupa tó wá rì wọlẹ̀ láàárín, àwòrán chlorophyll inú ìgò ni. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ewé, wọ́n sì ti pò ó mọ́ éítà tàbí ásítóònù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Nínú ìgò bẹ́ẹ̀, irú chlorophyll àkọ́kọ́, ‘a’, máa ń fa ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi 430 nanomítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nanomítà kan) mu dáadáa, àti ti 662. Irú kejì, ‘b’, fẹ́ràn 453 àti 642. Láàárín 500 sí 600, níbi tí àwọ̀ ewé wà, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń mú. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ewé kì í ṣe ìgò.

Inú ewé kún fún sẹ́ẹ̀lì, àlàfo afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kì í rìn tààrà. Á forí sọ ògiri sẹ́ẹ̀lì kan, á yà, á tún lọ forí sọ òmíràn. Pupa àti búlúù kì í rìn jìnnà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè ti gbé èyí tó pọ̀ nínú wọn mì. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ló ń wọlé lọ sísàlẹ̀. Chloroplast (àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tí chlorophyll wà) àkọ́kọ́ tó bá pàdé lè má mú un, ìkejì lè má mú un, ṣùgbọ́n kí ó tó rí ọ̀nà jáde, ó ti kọjá lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọ̀kan á sì mú un. Ewé tí kò nípọn ń mú nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó bọ́ sórí rẹ̀. Ewé igi tó nípọn, irú èyí tí kì í wọ́ dànù lẹ́ẹ̀kan náà, lè mú tó 90 nínú 100. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló ń dé ojú wa, àwọ̀ yìí sì ni ojú ènìyàn tètè ń rí ju gbogbo àwọ̀ lọ. Ojú wa ló ń sọ díẹ̀ di púpọ̀.

Bí olùkọ́ rẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, sọ fún un pé ní 1972, K. J. McCree tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ìgbì ìmọ́lẹ̀ lóríṣiríṣi dán irúgbìn oko 22 wò, odindi ewé ni ó sì lò. Àfonífojì tó wà láàárín àwòrán inú ìwé rẹ kò jìn mọ́ nínú tirẹ̀, ó kàn rì díẹ̀ ni. Ní 2009, Ichiro Terashima àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Japan tún fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ funfun bá ti pọ̀ gan-an lórí ewé, tí a wá fi díẹ̀ kún un, èyí tó ní àwọ̀ ewé ló ń mú iṣẹ́ pọ̀ sí i ju pupa lọ. Ìdí rẹ̀ kò le: àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè ti yó, pupa kò sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa nísàlẹ̀.

Nínú ìdánwò, kọ ọ́ pé chlorophyll kì í fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu púpọ̀. Má kọ ọ́ pé ewé kì í lò ó.

Mo ń gbin nǹkan nínú ilé lábẹ́ iná LED. Ẹni tó tà á fún mi ní búlúù ló lágbára ju pupa lọ, nítorí náà òun ni yóò mú ṣúgà jáde jù. Ṣé kí n pa pupa, kí n fi búlúù nìkan sílẹ̀?

Ẹ má pa á o. Apá kan ọ̀rọ̀ ẹni yẹn tọ̀nà: ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń wá, ẹyọ búlúù kan tó ní ìgbì 430 nanomítà sì ní agbára tó ju ti ẹyọ pupa oní 680 lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ àti díẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n chlorophyll kì í rí àjẹkù yẹn lò. Búlúù á gbé electron rẹ̀, èérún wíwẹ́ inú átọ́ọ̀mù, sókè réré, pupa á gbé e dé ipò tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Èyí tó lọ sókè réré kì í pẹ́ níbẹ̀. Kí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ká tún wá pín ìdá yẹn sí ẹgbẹ̀rún, ó ti já wálẹ̀ sí ipò kan náà tí pupa gbé tirẹ̀ dé. Ooru ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì dà. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí òǹtajà yẹn kò sọ. Nígbà tí agbára inú ẹyọ pupa kan kò tó ti búlúù, wáàtì kan ìmọ́lẹ̀ pupa ní ẹyọ tó pọ̀ ju wáàtì kan ti búlúù lọ, ẹyọ ni ewé sì ń kà. Bí ẹ bá ń ro owó iná, pupa ló yẹ kó pọ̀ jù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí búlúù díẹ̀ wà níbẹ̀: ó wà lára ohun tí ewé fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí àwọn ihò wíwẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kì í sì í jẹ́ kí igi ga gọ́gọ́ láìnípọn. Ohun mìíràn nínú ewé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe chlorophyll. Tèmi ni pé kí ẹ fi iná funfun kún un, ó kéré tán kí ẹ lè rí àwọ̀ ewé yín bó ṣe rí. Lábẹ́ pupa àti búlúù nìkan, gbogbo ewé ló ń dúdú, àrùn á sì ti jẹ ẹ́ dé ìdí kí ẹ tó mọ̀.

Ìyá Ewé, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo wá ráyè ronú. Wọ́n ní ewé ń fa ìmọ́lẹ̀ mu, ó sì ń fi ṣe oúnjẹ. Aṣọ dúdú mi náà ń fa ìmọ́lẹ̀ mu, àní ó jù ewé lọ. Kí ni ewé ní tí aṣọ mi kò ní? Àti pé bí fífà mu bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ewé kò kúkú dúdú?

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Gbogbo ìbéèrè yòókù lórí ojú ewé yìí, abẹ́ tiyín ni wọ́n wà. Òótọ́ lẹ sọ: ní ti ká fa ìmọ́lẹ̀ mu lásán, aṣọ dúdú ju ewé lọ, èédú sì ju aṣọ lọ. Fífà á mu kọ́ ni iṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́, kíá sì ni ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí aṣọ yín, electron kan nínú aró aṣọ náà á gba agbára rẹ̀, á sì gòkè. Lójú ẹsẹ̀ náà ni yóò já bọ́ padà, tí agbára yẹn á sì fọ́n sínú aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ wọ̀ ọ́ á mọ̀ ọ́n lára, nítorí ooru ló dà. Chlorophyll kì í yára já bẹ́ẹ̀. Mólékù rẹ̀ ní òrùka pẹrẹsẹ kan tí átọ́ọ̀mù nitrogen mẹ́rin ti yí magnesium ẹyọ kan ká láàárín, ó sì ní ìrù gígùn kan tó fẹ́ràn ọ̀rá. Àwọn electron kan wà nínú òrùka náà tí wọn kì í ṣe ti átọ́ọ̀mù kan pàtó. Gbogbo òrùka náà ni ilé wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gòkè, ó lè dúró lókè fún nǹkan bíi nanosecond márùn-ún nígbà tó bá wà nínú ìgò. Nanosecond kan, ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni. Lójú wa, kò tó nǹkan kan. Fún mólékù, àkókò gígùn ni.

Ẹ wò ó bí ẹyin iná tí wọ́n gbé lé ènìyàn lọ́wọ́. Kò lè dì í mú títí. Ó lè jù ú nù, ó lè jẹ́ kó jó òun, ó sì lè yára gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ dúdú kò ní ju ọ̀nà kan lọ, kó jó o. Chlorophyll ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí yóò sì ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí kò bá sí ẹnì kankan ńkọ́? Ẹ lè fi ojú ara yín rí ìyẹn. Ẹ gún ewé tútù kan kúnná, ẹ da sípíríìtì sí i, ẹ sẹ́ ẹ, kí iná má sì sí nítòsí. Omi tó sẹ́ á ní àwọ̀ ewé. Ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí sí i, àwọn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ ojúlówó owó wò. Omi aláwọ̀ ewé yẹn á máa tàn pupa fòò. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kò sí kíláàsì tí mo ṣe é fún tí kò pariwo. Ohun tí ẹ ń rí ni chlorophyll tó gba agbára tí kò rí ẹni gbé e fún, tó wá jù ú nù gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Pupa ló sì jáde, nítorí díẹ̀ nínú agbára náà ti di ooru kó tó jáde. Ewé tó wà lórí igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan tàbí méjì péré nínú 100 ni, ojú wa kò lè rí i nínú oòrùn. Àwọn sátẹ́láìtì ń rí i láti òkè, wọ́n sì ń fi mọ ibi tí igbó àti oko ti ń ṣiṣẹ́.

Nínú ewé, chlorophyll kì í léfòó kiri. Purotéènì ló tò wọ́n sínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú chloroplast, wọ́n sì súnmọ́ra débi pé nanomítà kan tàbí kó lé díẹ̀ ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Nǹkan bíi 200 sí 300 wọn ló ń kó agbára wá fún ojúkò kan. Agbára náà á máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, síbẹ̀ electron kankan kò tíì kúrò ní àyè rẹ̀. Chlorophyll kan náà ló wà ní ojúkò, ṣùgbọ́n ibi tí a gbé wọn sí yàtọ̀. Irú ojúkò méjì ló wà, P680 àti P700. Bí agbára bá dé ibẹ̀, electron á fò kúrò lára chlorophyll lọ sára mólékù tó wà níwájú, á tún bọ́ sára èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi jìnnà débi pé kò rọrùn fún un mọ́ láti padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ parí sí, tí kẹ́mísírì gba iṣẹ́. Ohun tí aṣọ yín kò ní nìyẹn: aládùúgbò àti ojúkò.

P680 tó pàdánù electron á gba òmíràn lára omi. Ìgbà mẹ́rin ni yóò gbà á kí mólékù omi méjì tó tú ká, kí mólékù ọ́síjìn kan tó jáde. Electron kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba ojúkò méjèèjì kọjá, nítorí náà ẹyọ ìmọ́lẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, ni ewé ń ná lórí mólékù ọ́síjìn kan tí à ń mí sínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Robert Emerson àti William Arnold ní Amẹ́ríkà ló mú Chlorella, ewé omi oní sẹ́ẹ̀lì kan, tí wọ́n ń tan iná sí i wàì-wàì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bí ìdá kan nínú 100,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Iná náà lágbára débi tí ènìyàn fi lè retí pé kí chlorophyll kọ̀ọ̀kan ṣe ipa tirẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1932 ni pé mólékù ọ́síjìn ẹyọ kan ń jáde fún nǹkan bíi 2,500 chlorophyll. Ó dà bí ẹni pé ọ̀lẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1936, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Gaffron àti Wohl, sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ ibẹ̀: wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, àwùjọ wọn ń kó agbára jọ fún ibi kan. Ẹ fi mẹ́jọ, iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ọ́síjìn kan ń ná, pín 2,500, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 300.

Ní ti pé kí ewé kúkú dúdú: bí oòrùn bá wà láàárín òkè, ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni ìṣòro ewé mọ́. Ó ti mú ju ohun tó lè lò lọ, ó sì ń wá ọ̀nà àtida àṣẹ́kù nù. Ìyẹn gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.

Kí ni iṣẹ́ àwọ̀ ìyeyè inú ewé? Àti pé mo ní òdòdó kan tí gbogbo ewé rẹ̀ pupa bíi pé kò ní chlorophyll rárá. Báwo ló ṣe ń jẹun?

Ẹ fi ewé pupa yẹn sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, pupa náà á tú sínú omi, ewé á sì fi àwọ̀ ewé tó bò mọ́lẹ̀ hàn. Anthocyanin ni pupa yẹn. Inú omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, kò sí nínú chloroplast, kì í sì í gbé agbára fún ẹnikẹ́ni. Chlorophyll wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyeyè yàtọ̀ pátápátá. Carotenoid ni: carotene, lutein àti àwọn ìbátan wọn, inú awọ kan náà pẹ̀lú chlorophyll ni wọ́n sì wà. Mikhail Tswett ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tó da omi ewé gba inú ọ̀pá gíláàsì tí ó rọ ẹfun lẹ́búlẹ́bú sí, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró ní ibi tirẹ̀. Wọ́n ń mú ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 400 sí 500 nanomítà, wọ́n sì ń gbé apá kan rẹ̀ fún chlorophyll. Ìwé sábà máa ń dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ wọn kejì ló ṣe pàtàkì jù. Chlorophyll tó bá di agbára mú pẹ́ jù lè yí sí ipò kan tí yóò ti gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn tó bá gbà á á sì di ohun tó ń ba gbogbo nǹkan tó wà nítòsí jẹ́. Carotenoid ló ń gba agbára náà kó tó débẹ̀, tí yóò sọ ọ́ di ooru tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Oògùn apakoríko kan wà, norflurazon, tí kì í pa chlorophyll lára fúnra rẹ̀ rárá. Carotenoid ni kì í jẹ́ kí koríko ṣe. Ewé tó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ á funfun nínú oòrùn, á sì kú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbé ewé yòókù ró ló pa á.

Ìmọ́lẹ̀ pupa kì í wọ inú omi jìnnà. Báwo ni àwọn ewé inú òkun ṣe ń ṣe é?

Wọ́n wá èròjà mìíràn. Ewé omi pupa ní phycoerythrin, tó ń mú gan-an ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí chlorophyll kò fẹ́, tó sì ń gbé agbára rẹ̀ fún chlorophyll. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ kan tó ń gbé ní jíjìn mítà 268 nínú òkun lẹ́bàá àwọn erékùṣù Bahamas. Lódìkejì, ní 2010, Min Chen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kéde chlorophyll f, láti inú àwọn òkúta tí ohun ẹlẹ́mìí wíwẹ́ mọ ní Shark Bay. Ìyẹn ń mú ìmọ́lẹ̀ tó kọjá 700 nanomítà, èyí tí ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí mọ́, tó jẹ́ pé àṣẹ́kù tí àwọn tó wà lókè fi sílẹ̀ ni.

Wọ́n ń ta chlorophyll olómi. Wọ́n ní ó jọ ẹ̀jẹ̀, pé ó ń sọ ara di alágbára bí oòrùn ṣe ń ṣe ewé. Ṣé kí n máa mu ún?

Ó jọ ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Hans Fischer gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa àti lórí chlorophyll, nítorí irú òrùka kan náà ló wà nínú méjèèjì: irin ló wà láàárín ti ẹ̀jẹ̀, magnesium láàárín ti ewé. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ló ń ṣe òrùka tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í yá ti ewé lò. Ohun tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò yẹn kì í tilẹ̀ ṣe chlorophyll mọ́. Wọ́n ti gé ìrù rẹ̀, wọ́n ti yọ magnesium rẹ̀, wọ́n sì ti fi kọ́pà sí i. Ẹ ka ara ìgò náà, ẹ ó rí sodium copper chlorophyllin. Kódà bí ó bá jẹ́ ojúlówó, kò ní ojúkò kankan nínú ikùn yín. Bí ó bá ń rẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.